Àwọn Tí Ó Ń Jókòó fún Wa

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi wá jù lọ nígbà tí wọ́n bá rí àwọn àwòrán tí a fi kọ́ ara ògiri ilé wa kì í ṣe ti bí a ti ń po ọ̀dà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti iye tí a rà á. Ohun tí wọ́n máa ń bèèrè ni pé, “Níbo ni ẹ ti rí ẹni yìí, báwo ni ó sì ṣe gbà fún yín kí ẹ máa wo òun bẹ́ẹ̀?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́ lè ra ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jókòó sójú kan fún wákàtí méjì, tí kò ní sá fún ojú wa, tí yóò sì tún padà wá lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, a kì í rí irú rẹ̀ rà lórí àtẹ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ díẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa nínú ohun tí ogún ọdún iṣẹ́ yìí ti fi hàn wá, iṣẹ́ tí a ń ṣe nírọ̀lẹ́ nígbà tí a bá ti ọ́fíìsì dé, àti ní ọjọ́ Sátidé tí kò bá sí ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó nínú ìjọ. (Irú Sátidé bẹ́ẹ̀ kò pọ̀.)

Àwọn baba wa mọ àwòrán dájúdájú, ṣùgbọ́n agbẹ́gilére wọn kì í pe ẹnikẹ́ni kí ó wá jókòó níwájú òun. Ẹni tí ó bá ti fi ojú rí ère ìbejì mọ̀ pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni ó kú, àgbàlagbà ni ère náà máa ń jọ: ó ti gúnrégé, irun orí rẹ̀ ti di dídì, ilà ìdílé sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìdílé ni agbẹ́gilére ń gbẹ́, kì í ṣe ojú ọmọ náà. Ní Ọ̀wọ̀ ni a ti gbọ́ ti àkó, ère tí ó tóbi tó ènìyàn gan-an, tí wọ́n ń gbẹ́ kí ó lè jọ olóògbé, tí wọ́n sì ń wọ̀ ní aṣọ olóògbé náà. Ṣùgbọ́n olóògbé ni, kò sí ẹni tí yóò bẹ̀ ẹ́ kí ó má mira.

Ẹni tí a kà sí àkọ́kọ́ tí ó gbé àga kalẹ̀ láàrin wa, tí ó ní kí aládùúgbò rẹ̀ jókòó kí òun lè fi ọ̀dà ya ojú rẹ̀ bí ó ti rí, ni Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí a bí ní 1882. Ní 1906, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, tí kò sì tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán kankan, ó ya Ìyáàfin Spencer Savage. Ní 1920 ó ya Dókítà Oguntola Sapara. Ní ọdún kan náà ni ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ́nù láti lọ kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní 1922. Kì í ṣe àwọn òyìnbó díẹ̀ ni ó gbàgbọ́ nígbà náà pé adúláwọ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ìdí rẹ̀ nìyí tí Onabolu fi fara mọ́ yíya ojú ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ igi ni ó yà, ta ni yóò jáde wá sọ pé kò jọ ọ́? Ṣùgbọ́n bí ó bá ya dókítà tí gbogbo Èkó mọ̀, ẹlẹ́rìí wà ní gbogbo òpópónà. Ẹni tí ó jókòó fún un kò fún un ní ojú nìkan; ó jẹ́rìí fún un pẹ̀lú.

Ohun tí a rí kọ́ lára Ben Enwonwu yàtọ̀ sí èyí. Ní 1957 ni Ọbabìnrin Elizabeth Kejì jókòó fún un ní Lọ́ńdọ́nù kí ó lè ṣe ère rẹ̀. Àwọn kan sì ṣe àríwísí pé ètè tí ó fi fún Ọbabìnrin náà jọ ètè adúláwọ̀. Ọ̀rọ̀ náà máa ń pa wá lẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo ẹni tí ó ti ń yà mọ̀ pé ojú tí a fi tọ́ ọwọ́ wa dàgbà a máa yọ́ wọ inú iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn wá lónìí ni ti 1973, nígbà tí Enwonwu rí Adetutu Ademiluyi, ọmọ ọba ní Ilé-Ifẹ̀, tí ó sì wù ú láti yà á. Kò bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọmọbìnrin náà lójú ọ̀nà. Ó kọ́kọ́ tọ àwọn òbí rẹ̀ lọ, ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Àwòrán mẹ́ta ni ó yà nínú rẹ̀, tí ó pè ní “Tutu”; ọ̀kan nínú wọn ni a rí nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ́nù, tí wọ́n sì tà ní gbàǹjo ní 2018, ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Gbogbo ayé ni ó sọ̀rọ̀ owó náà. Ìrìn tí ó rìn lọ sí ilé àwọn òbí ọmọ náà ni àwa máa ń rò.

Àwa pẹ̀lú kì í ya ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ilé rẹ̀ gbọ́. Bí ó bá jẹ́ obìnrin ilé ọkọ ni, ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò wà ní ìjókòó, ìlẹ̀kùn àti fèrèsé yóò sì wà ní ṣíṣí. Àwọn kan yóò ní àṣejù ni. Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, tí ó sì ń wo ojú ọmọ ọlọ́mọ ní ọjọ́ Sátidé, kò lè ṣe é lábẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ara ẹni tí ó jókòó a máa balẹ̀ bí ó bá rí ará ilé rẹ̀ nítòsí, ojú tí ara rẹ̀ kò bá sì balẹ̀, kò ṣeé yà.

Ibo ni a ti ń rí wọn? Kì í ṣe láàrin àwọn arẹwà. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun lẹ́wà a máa tún ojú rẹ̀ ṣe ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ìgbà tí a bá sì máa fi gbé ọwọ́ sókè, ó ti di ẹlòmíràn. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìjókòó ni wọ́n dára jù: aránṣọ, alátẹ, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ìyá tí ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Bí wọ́n tilẹ̀ ń mira, wọn a tún padà sí ipò kan náà, bí ẹyẹ tí ń padà sí ẹ̀ka rẹ̀. Alákọ̀ọ́kọ́ tí kò bá tíì rí ẹni jókòó fún un, kí ó lọ bẹ̀bẹ̀ fún àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ alátẹ kan, kí ó ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì fi èédú yà á lórí bébà bí ó ti ń tajà. Bí kò bá sì rí ẹnikẹ́ni rárá, jígí wà nílé. Van Gogh, ará Họ́lándì, kò ní owó tí yóò máa fi san fún àwọn ẹni ìjókòó nígbà tí ó wà ní Párísì láti 1886 sí 1888, nítorí náà ó ya ojú ara rẹ̀ ju ìgbà ogún lọ.

Ọ̀pọ̀ ni yóò kọ̀. Kí a má bínú sí wọn. Àwọn àgbà kan bẹ̀rù pé ẹni tí ó bá mú àwòrán òun lọ ti mú orí òun lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti ìsinsìnyí bẹ̀rù pé ojú àwọn yóò jáde lórí fóònù níbi tí àwọn kò ti rán an. Bí a bá wò ó dáradára, ìbẹ̀rù kan náà ni. Ohun tí ó tọ́ ni kí a sọ kí a tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí àwòrán náà yóò wà, ẹni tí yóò ni ín, àti bóyá a ó tà á. Nígbà tí ó bá sì ti jókòó tán, kí a sanwó. Ẹni tí ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí méjì ti pàdánù owó wákàtí méjì. Kò yẹ kí a fi “Olúwa yóò bù kún yín” san án. A mọ̀ pé àwọn kan nínú ìjọ máa ń kọ owó náà pé, “Ẹ̀yin ni olùkọ́ wa.” A máa ń fi í sí abẹ́ àwo oúnjẹ wọn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìjókòó fúnra rẹ̀. Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù fẹ́ràn fèrèsé tí ó kọjú sí àríwá, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwọn oòrùn ọ̀sán kì í gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tí ó bá ka èyí nínú ìwé wọn, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta, yóò rí ìyàlẹ́nu. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá gan-an ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá lórí wa. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ni àwa ń lò, pẹ̀lú aṣọ funfun kan tí a ta bo fèrèsé. Ìgbà ọyẹ́ ni ó dára jù, nítorí eruku ojú ọ̀run a máa pín ìmọ́lẹ̀ káàkiri, òjìji a sì rọ̀ lójú ènìyàn. A máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí ilẹ̀, àti ibi tí bàtà ẹni náà wà, kí ohun gbogbo lè padà sí ipò rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. A ó fún un ní ohun kan tí yóò máa wò: ìṣó lára ògiri, tàbí kàlẹ́ńdà ìjọ. Ogún ìṣẹ́jú ni kí ó fi jókòó, kí ó sì dìde rìn díẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí kò mọ̀ bí ọrùn ti ń wúwo tó. Èdè wa ní ìkíni fún iṣẹ́ yìí láti ilẹ̀ wá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá lójú fèrèsé wa, tí ó sì rí wọn lórí àga, yóò ké sí wọn pé, “Ẹ kú ìjókòó o!” Wọn a dáhùn, ẹnu wọn a yẹ̀ kúrò ní ipò, àwa a sì dúró.

Ní ti àwọ̀ ara wa, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀dà dúdú yà á. Ara dúdú kì í ṣe dúdú. Níwájú orí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run bá sùn lé, aró ni ó wà níbẹ̀, aró tí a fi omi là. Lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ní etí, pupa bí osùn ni. Lábẹ́ àgbọ̀n, ohunkóhun tí ó bá wọ̀ ni yóò tàn síbẹ̀. Ẹni tí ó wọ funfun lónìí, tí ó sì wọ àdìrẹ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ó ti gbé ọrùn mìíràn wá. Nítorí náà, aṣọ kan náà, gèlè kan náà, títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa a máa bi wá pé, kí ni gbogbo wàhálà yìí nígbà tí fọ́tò wà? Ní 2002, David Hockney, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, jókòó fún Lucian Freud ní Lọ́ńdọ́nù ju ọgọ́rùn-ún wákàtí lọ kí àwòrán kan ṣoṣo tó parí. Fóònù ì bá ti ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá kan ni fóònù mọ̀. Ẹni tí ó jókòó fún wa fún oṣù méjì, a ti rí i nígbà tí ó gbọ́ ìròyìn ayọ̀, a ti rí i nígbà tí ara ro ó, a ti rí i nígbà tí ó gbàgbé pé a wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni a sì ń lé sórí ara wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní ọdún tí ó kọjá. Ìyá kan wà nínú ìjọ wa, aláró ní Ìtọ́kú, tí ó ń súnmọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún. Bàbá rẹ̀ ti Ọ̀yọ́ wá, ó sì kọ àbàjà fún un ní kékeré, mẹ́rin mẹ́rin ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ rẹ̀, méjì ní Lọ́ńdọ́nù àti ọ̀kan ní Èkó, ní kí a ya ìyá àwọn fún ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún náà, wọ́n sì san ìdajì owó sílẹ̀. A gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò aró, a sì bẹ̀rẹ̀.

Kí a sọ òtítọ́, ilà ojú ni ohun tí ó ṣòro jù láti yà. Nínú fọ́tò tí a fi iná yà, ìlà tí ó rí bí ẹni fi pẹ́ńsù fà á ni. Lójú ẹni tí ó wà láàyè, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí ó ní etí òkè àti etí ìsàlẹ̀. Etí kan ń gba ìmọ́lẹ̀, ìkejì ń fi òjìji pamọ́. Bí ìyá náà bá rẹ́rìn-ín, àbàjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí aṣọ bá ká. Bí ó bá dákẹ́, wọn a tẹ́ sílẹ̀. Sátidé mẹ́ta gbáko ni a fi ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni àwọn ọmọ náà fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí orí fóònù wa. Ìyá wọn ni, ṣùgbọ́n a ti fi ẹ̀rọ nu ilà náà nù kúrò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì jọ̀lọ̀ bí ti ọmọ ìkókó. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ kọ̀wé pé, bí ó bá ṣeé ṣe, kí a yà á bí èyí, nítorí pé àwọn àlejò òyìnbó yóò wà níbi ayẹyẹ, àwọn ọmọ-ọmọ sì máa ń bẹ̀rù ilà náà nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. A kò dá wọn lẹ́bi. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti ka ilà kíkọ fún ọmọ léèwọ̀, àwa pẹ̀lú kò sì kọ ọ́ fún ọmọ tiwa, bẹ́ẹ̀ ni a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi abẹ kan ojú ọmọdé. Ṣùgbọ́n kíkọ ilà dúró jẹ́ ọ̀ràn kan. Nínu ilà nù lójú ẹni tí ó ti gbé e fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Bí ọdún ogún sí i bá kọjá, ta ni yóò kù tí yóò jókòó fún ayàwòrán pẹ̀lú àbàjà, tàbí pélé, tàbí gọ̀m̀bọ́ lójú? Fọ́tò wọn wà, lóòótọ́. Fọ́tò ni wọ́n sì ń nù yìí.

Owó tí wọ́n san sílẹ̀ kò kéré lójú akọ̀wé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wa kan ni fún odidi sáà. A bá ìyàwó wa sọ ọ́, òun náà sì ní kí a lọ bi ẹni tí ó ni ojú.

A fi fọ́tò náà han ìyá. Ó gbà á, ó na ọwọ́ rẹ̀ tí aró ti pa láró títí dé ìgbọ̀nwọ́ jìnnà, ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Tíṣà, ta ni èyí?”

A ní, “Ẹ̀yin ni, Màmá. Àwọn ọmọ ní kí a yà yín báyìí.”

Ó tún wò ó. Ó ní, “Ó lẹ́wà o. Bí ó bá sọnù lọ́jà, kí ni wọn yóò fi mọ ilé rẹ̀?” Ó dá fóònù padà fún wa, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé ojú àmì ṣọ́ọ̀kì.

A dá owó náà padà sí Èkó pẹ̀lú ìwé kékeré kan, a sì ń yà á lọ. Àwọn ọmọ kò dáhùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọjọ́ ayẹyẹ náà, àwòrán tí wọ́n gbé síwájú àwọn àlejò ni fọ́tò tí a ti nù. Tiwa wà nínú yàrá ìyá, ó kọjú sí ibùsùn rẹ̀, nítorí pé òun ni ó rà á, díẹ̀díẹ̀, nínú owó àdìrẹ. Lẹ́yìn ayẹyẹ ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó ti Lọ́ńdọ́nù wá wọ inú yàrá náà láti lọ dágbére. A wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì rí i tí ó dúró níwájú àwòrán náà. Ó gbé ìka sókè súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó bèèrè lọ́wọ́ wa bóyá ọ̀dà náà ti gbẹ. A ní ó ti gbẹ. Ó fi ìka tọ ilà kìíní, àti ìkejì, kò sì sọ nǹkan mìíràn.

Ìyá náà ti bá wa rí ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí ó kọ gọ̀m̀bọ́, tí ó dàgbà jù ú lọ, tí kò sì tíì gbà kí ẹnikẹ́ni ya òun rí, àní fọ́tò pàápàá. Ó ti gbà nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, kí a wá ní Sátidé tí ń bọ̀ kí oòrùn tó mú, kí a sì gbé àga tí ó ní ìfẹ̀yìntì dání.